Oògùn ẹ̀jẹ̀ ń tán, ẹ̀jẹ̀ ò gòkè: bí ẹ ṣe máa ṣe é tí yóò fi yọrí

Nínú oṣù karùn-ún, ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ l'Ọ́jà Ọba wọ kẹ́míìsì wa, ó to òfìfo ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ mẹ́rin sórí káńtà. Ó ní, "Ọmọ mi, bá mi wò wọ́n, ṣé ayédèrú ni?" Ó fa ìwé àyẹ̀wò méjì yọ nínú àpò owó rẹ̀: PCV (iye sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀) rẹ̀ jẹ́ 26 nínú oṣù kìíní, 27 nínú oṣù karùn-ún. Oṣù mẹ́rin, ìgò mẹ́rin, ẹyọ kan péré ló fi gòkè. Mo ní, "Màmá, kí lẹ fi ń lò ó?" Ó ní tíì àárọ̀ òun ni, kó má baà máa rìn òun nínú.

Oògùn yẹn kì í ṣe ayédèrú. Tíì ló ń já a gbà kó tó dé ibi tó ń lọ. Mo máa ń rí irú wọn ní Òṣogbo yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: ẹni tó ń ná owó, tó ń gbé oògùn mì, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò sì kúrò lójú kan. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ nítorí pé èròjà irin ò tó lára rẹ̀. Aboyún àti ọmọdé lè tẹ̀ lé púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ni kó sọ iye oògùn tiwọn.

Ẹ má fi ti àwọn wọ̀nyí jókòó sílé

Bí ẹ bá jókòó jẹ́ẹ́ tí ẹ ṣì ń mí gúlegúle, tí àyà ń dùn yín, tí ẹ dákú, tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára yín tí kò dáwọ́ dúró, tí ẹ ń ya ìgbẹ́ dúdú tó ń fà bí ọ̀dà tó sì ń rùn burúkú, tàbí tí PCV yín wà ní 21 sísàlẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lónìí. Ní Òṣogbo níbí, ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Aṣúbíaró wà, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti UNIOSUN náà wà. Ohun tó kù nínú ìwé yìí, ẹ tún padà wá kà á tí ẹ bá dé.

Ohun tí ẹ máa nílò

Ìwé àyẹ̀wò PCV tàbí Hb (ìwọ̀n èròjà tó mú ẹ̀jẹ̀ pọ́n) tí kò tíì ju oṣù kan lọ. Èsì genotype yín. Oògùn irin oníhóró tó máa tó oṣù kan. Ìwé kékeré kan tàbí fóònù tí ẹ ó máa fi sààmì ọjọ́. Owó àyẹ̀wò kejì, kí ẹ yà á sọ́tọ̀ láti ìsinsìnyí, torí owó yẹn ni kì í sí nílẹ̀ mọ́ tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹrin. Bí ẹ bá ṣì ń ṣe nǹkan oṣù, ẹ kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó parí, àti iye páàdì tí ẹ lò sílẹ̀.

Ìpele 1: Ẹ mọ nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀ yín

Ẹ dúró síbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ti mọ́ dáadáa, ẹ fi ìka fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀ níwájú dígí. Ó yẹ kí inú rẹ̀ pọ́n. Bí ó bá funfun bí ẹ̀kọ, tí àtẹ́lẹwọ́ àti ahọ́n náà sì funfun, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Àmọ́ ojú kò lè sọ iye rẹ̀. Òòyì àti àárẹ̀ náà kò lè sọ ọ́, nítorí pé àìsùn, ibà àti ẹ̀jẹ̀ ríru lè mú kó rẹ èèyàn bákan náà.

Láàbù ló máa sọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ Hb ni wọ́n kọ fún yín, ọkùnrin gbọ́dọ̀ tó 13, obìnrin 12, aboyún 11. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, ẹ ó rí PCV rẹ̀ ní ìfojúbù: 39, 36, 33.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í: wọ́n á ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́ níbì kan, èkejì níbòmíràn, wọ́n á wá máa jà lórí ẹyọ méjì tó yàtọ̀. Ẹ̀rọ ò dọ́gba. Láàbù kan náà ni kí ẹ máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ìwé wà lọ́wọ́ yín, nọ́ńbà wà lórí rẹ̀, ọjọ́ náà wà lórí rẹ̀.

Ìpele 2: Ṣé irin ló dín lóòótọ́?

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó lọ sílẹ̀ ló jẹ́ ti irin. Ibà máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀. Àìsàn kíndìnrín máa ń dín in kù. Ẹni tí genotype rẹ̀ jẹ́ SS, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń wà nísàlẹ̀ torí pé sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó fọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dá oògùn irin lò láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀, pàápàá tí wọ́n bá ti ń fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára léraléra, nítorí irin lè pọ̀ lára rẹ̀ débi tí yóò fi ba ẹ̀dọ̀ àti ọkàn rẹ̀ jẹ́.

Àwọn àmì kan wà tó ń tọ́ka sí irin. Kí yìnyín máa wu èèyàn jẹ ṣáá, tàbí efun, amọ̀, ìrẹsì tí wọn ò tíì sè. Kí igun ẹnu máa là. Kí irun máa já wọ́ọ́wọ́ọ́ nínú ìyarun. Kí ẹsẹ̀ máa ta yín jí lóru, kó máa ṣe bíi kí ẹ ṣáà gbé e. Èékánná mìíràn á fẹ́lẹ́, á wá tẹ̀ sínú bíi ṣíbí, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀kán omi kan lè jókòó sínú rẹ̀ láì dà. Ẹ má bá ẹni tó ń jẹ efun jà. Ẹ mú un lọ ṣe àyẹ̀wò, kí ẹ sì sọ fún un pé efun gan-an lè máa dí irin lọ́nà.

Bí agbára bá wà, ẹ ní kí láàbù ṣe full blood count (àyẹ̀wò gbogbo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀), kí wọ́n sì ṣe ferritin. MCV, ìyẹn bí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe tóbi tó, tó bá wà nísàlẹ̀ 80 ń sọ pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ kéré ju bó ṣe yẹ. Ferritin ni àká irin: bí ti àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá bá wà nísàlẹ̀ 15, àká ti gbẹ.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í: ṣíṣe ferritin nígbà tí ibà tàbí àrùn mìíràn wà lára. Àrùn máa ń ti ferritin sókè, èsì á wá dà bíi pé irin wà nígbà tí kò sí. Ẹ wo ibà sàn ná, kí ẹ tó ṣe é.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ mọ genotype yín, ẹ ti yẹ ibà wò, ẹnìkan tó mọṣẹ́ sì ti wo èsì yín pé irin ni.

Ìpele 3: Ẹ wá ibi tó ń jò

Ìpele yìí làwọn èèyàn máa ń fò jù, òun gan-an sì ni mi ò fẹ́ kí ẹ fò. Irin inú ara kì í dédé lọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà ló máa ń bá lọ. Ẹni tó ń bu omi sínú agbè tó jò, títí ilẹ̀ ó fi ṣú ni yóò máa pọn.

Wọ́n gba àbúrò ìyá mi kan sí ilé ìwòsàn kan nígbà kan, PCV rẹ̀ jẹ́ 18. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ páìǹtì méjì sí i lára, ojú rẹ̀ là, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún ó tún ti di 20. Kò sí ẹni tó bi í léèrè iye páàdì tó ń lò. Nígbà tí mo bi í, ó ní, "Ìwọ̀nba náà ni, bíi mẹ́wàá lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́sàn-án." Ó rò pé bí tìyá rẹ̀ ṣe rí nìyẹn, pé bó ṣe ń wá nílé wa nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀, ìju (fibroid) mẹ́ta ló wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè láì tijú. Obìnrin tí páàdì rẹ̀ ń rin gbingbin kó tó pé wákàtí méjì, tó ń wọ méjì pọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ dídì tó ń jáde ju owó ẹyọ lọ, tàbí tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń kọjá ọjọ́ méje, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dà ju bó ṣe yẹ. Kó lọ ya àwòrán inú. Ìtọ́jú wà fún un, kì í sì í ṣe iṣẹ́ abẹ nìkan. Oyún tó ń tẹ̀ lé ara wọn láì sí àyè láàárín náà ń jẹ irin ìyá tán. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ìfètò-sọ́mọ-bíbí jẹ́ ara ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ tún wo àpò oògùn yín. Ẹni tó ń ru ẹrù lójoojúmọ́, tó ń fi aspirin, ibuprofen tàbí diclofenac pa ìrora ní alaalẹ́, oògùn yẹn lè máa họ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ máa jò láì fojú hàn. Ọgbẹ́ inú náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Jẹ̀díjẹ̀dí tó ń ṣẹ̀jẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Àgbẹ̀ àti ọmọ tó ń rìn láì wọ bàtà lórí ilẹ̀ tútù, aràn kan wà tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé, tó ń lọ dì mọ́ ìfun, tó ń mu ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Albendazole 400 mg, ẹ̀ẹ̀kan péré, sábà máa ń tó àgbàlagbà, àmọ́ aboyún tí oyún rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́ta kò gbọ́dọ̀ lò ó. Ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ lódò tó wá ń tọ ẹ̀jẹ̀ lè ní àtọ̀sí ajá. Ẹ gbé ìtọ̀ rẹ̀ lọ sí láàbù. Praziquantel ni oògùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kàn ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, tàbí obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, ni irin dín lára rẹ̀, ẹ má fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ kí ẹ gbàgbé. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ń bá ibì kan lọ. Ó lè jẹ́ ọgbẹ́ inú, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ inú tàbí ti ìfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí kò tíì dùn ún rárá. Dókítà gbọ́dọ̀ wo inú rẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ti kọ ibi tí ẹ fura sí sílẹ̀, ẹ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ̀, tàbí dókítà ti wá a tì.

Ìpele 4: Ẹ ra èyí tí irin inú rẹ̀ tó

Ẹ má fi àwọ̀ pupa ra oògùn ẹ̀jẹ̀. Ẹ ka ẹ̀yìn ìgò, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ elemental iron sí, ìyẹn iye irin gan-an tó wà nínú oògùn náà. Síróòpù mìíràn, irin tó wà nínú ṣíbí rẹ̀ kéré jọjọ; fítámì ló pọ̀ níbẹ̀. Ferrous sulphate 200 mg, hóró kan, ń fún yín ní nǹkan bíi 65 mg irin. Ferrous fumarate 200 mg fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà. Ferrous gluconate 300 mg ń fúnni ní 35. Ní tèmi, ferrous sulphate lásán, èyí tí owó rẹ̀ kéré jù, ni mo máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí èèyàn. Owó tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi ra ẹja.

Ẹ gbé e sókè níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Hóró rẹ̀ jọ súìtì, ìwọ̀nba hóró díẹ̀ sì lè pa ọmọ kékeré. Mi ò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín, bó ṣe rí ni.

Ìpele 5: Ẹ lò ó bó ṣe máa wọlé

Hóró kan ṣoṣo lóòjọ́. Tó bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ máa lò ó ní ọjọ́ kan, kí ẹ fo ọjọ́ kan. Ó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, torí ohun tí wọ́n mọ̀ ni mẹ́ta lójúmọ́. Ìdí rẹ̀ rèé: tí irin bá wọlé tó pọ̀, ẹ̀dọ̀ máa ń tú ohun kan tí wọ́n ń pè ní hepcidin sínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn á sì ti ilẹ̀kùn ìfun pa fún bíi wákàtí 24. Hóró ìkejì àti ìkẹta bá ilẹ̀kùn títì ni. Wọ́n á kàn jókòó sínú ìfun, wọ́n á máa fa inú rírun. Aboyún nìkan ni kó tẹ̀ lé iye tí wọ́n sọ fún un níbi ìgbẹ̀bí, kó má fo ọjọ́ tí wọn ò bá ní kó fò ó.

Inú òfìfo ni kí ẹ fi lò ó, ní wákàtí kan ṣáájú oúnjẹ tàbí wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Omi lásán ti tó. Bí ọsàn bá wà, ẹ mu ún mọ́ ọn, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má torí pé kò sí ọsàn kí ẹ má lò ó.

Wàyí o, tíì. Ohun tí à ń pè ní tíì nílé wa lè jẹ́ tíì ewé, ó lè jẹ́ ìyẹ̀fun kòkó tí a bu mílíìkì sí. Gbogbo rẹ̀ ló ń dí irin lọ́nà: ewé tíì, kòkó, kọfí, mílíìkì. Ẹ fi wákàtí méjì sáàárín. Mọ́ọ̀tì àti mílíìkì tí wọ́n máa ń gbé wá bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ pé kó fi "dá ẹ̀jẹ̀ padà", mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló wà nídìí rẹ̀. Kó mu ún lọ́sàn-án bó bá wù ú, kó má fi gbé oògùn irin mì. Oògùn ọgbẹ́ inú olómi funfun àti kálísíọ́mù náà kò gbọ́dọ̀ bá a pàdé. Ẹni tó ń lo ciprofloxacin tàbí doxycycline, kó bi kẹ́míìsì bó ṣe máa yà wọ́n sọ́tọ̀, torí irin lè sọ oògùn wọ̀nyẹn di aláìlágbára.

Ẹni tó ń gba ààwẹ̀ lè lò ó ní wákàtí méjì lẹ́yìn ìṣínu, tó bá ń lọ sùn. Kò sóhun tó ṣe é.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* lẹ́yìn bí ọjọ́ mélòó kan, ìgbẹ́ yín á dúdú. Irin ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti ń fà bí ọ̀dà. Ẹ ka àmì inú ìwé yín: bí ọjọ́ tí ẹ gbàgbé bá ju méjì lọ lọ́sẹ̀, ẹ so oògùn mọ́ ohun tí ẹ kì í gbàgbé, bíi ìrun àsùbá tàbí àdúrà òwúrọ̀.

Ìpele 6: Bí inú bá ń run yín, tí ìgbẹ́ ń le

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń jù ú nù. Ẹ má jù ú nù. Ẹ sọ ọ́ di ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan. Tí kò bá lọ, ẹ lò ó pẹ̀lú oúnjẹ díẹ̀ tí kò ní mílíìkì. Irin tó máa wọlé á dín, àmọ́ ó sàn ju kí ẹ má lò ó rárá. Ẹ mu omi, ẹ jẹ ìbẹ́pẹ. Bí èébì bá ń gbé e jáde lójoojúmọ́, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà. Irin tí wọ́n ń fà sínú iṣan wà.

Ìpele 7: Oúnjẹ

Oúnjẹ nìkan kì í sábà gbé PCV 26 padà, ṣùgbọ́n òun ló máa dì í mú tó bá ti gòkè. Irin inú ẹran, ẹ̀dọ̀, ẹja àti ìgbín ń tètè wọ ara ju ti ewé àti ẹ̀wà lọ. Kò túmọ̀ sí pé ẹni tí kò lówó ẹran ti gbé. Ẹ rẹ ẹ̀wà mọ́jú, ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ sè é. Ẹ fi ẹja díẹ̀ sínú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ugwu: ẹja yẹn, bó tilẹ̀ kéré, á ran irin inú ewé lọ́wọ́ láti wọlé. Tí ẹ bá jẹun tán, ẹ mu ọsàn dípò tíì. Lásìkò àgbálùmọ̀, àgbálùmọ̀ náà dára.

Aboyún kó má jẹ ẹ̀dọ̀ lójoojúmọ́, nítorí fítámì A inú rẹ̀ pọ̀ jù fún ọmọ inú. Sóbò pupa, ṣùgbọ́n pupa rẹ̀ kì í ṣe irin. Pòpórò ọkà bàbà tí àwọn ìyá wa ń sè, ẹni tó bá fẹ́ ẹ lè mu ún, kó má sì fi rọ́pò oògùn.

Ìpele 8: Ẹ padà sí láàbù, ẹ má sì tètè dáwọ́ dúró

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ tún àyẹ̀wò ṣe níbi tí ẹ ti ṣe ti àkọ́kọ́. Bí gbogbo nǹkan bá ń lọ dáadáa, Hb á ti fi bíi 2 gòkè, ìyẹn nǹkan bíi 6 lórí PCV. Bí kò bá tó ìdajì ìyẹn, ẹ má kàn fi oògùn kún oògùn. Ẹ bi ara yín: ṣé mo lò ó lóòótọ́? Ṣé tíì ò tún wọ̀ ọ́? Ṣé ibi tó ń jò ṣì ń jò? Bí ìdáhùn bá mọ́, dókítà ló kàn, torí ó lè jẹ́ pé inú kò gba irin, tàbí pé àìsàn náà kì í ṣe ti irin láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyá eléèlùbọ́ padà wá nínú oṣù kẹfà. PCV 32. Ó ti ń gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ láì dúró sinmi láàárín, ó sì ní òun ti sàn, òun ò ra oògùn mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jókòó. Ara ń kọ́kọ́ fi irin ṣe ẹ̀jẹ̀ ná. Lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá pé ló tó ń kún àká. Ẹni tó bá dúró lọ́jọ́ tí ara yá, àká rẹ̀ ṣì ṣófo, nǹkan oṣù méjì sí mẹ́ta sì lè dá a padà síbi tó ti wá. Lẹ́yìn tí PCV bá ti pé, oṣù mẹ́ta sí i ni kí ẹ fi lo oògùn.

Àyẹ̀wò rẹ̀ tó tẹ̀ lé e bọ́ sí ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ. Ó ní kí n sún un síwájú díẹ̀, kí òun lè tajà fún àwọn àlejò tán. Mo kọ ọjọ́ tuntun náà sí ẹ̀yìn páálí oògùn fún un, mo sì kọ èkejì sábẹ́ rẹ̀: oṣù mẹ́ta lẹ́yìn hóró tó bá gbé mì kẹ́yìn, kó tún wá ṣe PCV, ká lè mọ̀ bóyá ó dúró.